Bọ́ọ̀sì tí táyà méjì ń tì nínú ẹrẹ̀ ọ̀nà oko: ìrírí mi

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ àti èyí tí wọ́n fi ń lọ ata ni mo máa ń tún ṣe. Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ṣùgbọ́n ó ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ tó jẹ́ pé inú abúlé ni mo ti ń ṣe é, nítorí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá dákẹ́ ní ìgbèríko Ìràgbìjí tàbí lẹ́yìn Ìlobùú kò lè gbé irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ wá bá mi nílé. Bọ́ọ̀sì Toyota HiAce àtijọ́ kan ni mo fi ń lọ bá wọn. Ní ọdún 2018, mo yọ àwọn ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, mo kan bẹ́ẹ̀dì onípákó sínú rẹ̀, mo gbé àpótí irinṣẹ́, kẹ́ẹ̀gì omi àti sítóòfù kékeré kan sí i, ọkọ̀ náà sì di ilé àti ṣọ́ọ̀bù fún mi lójú ọ̀nà. Mo lè fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ láti abúlé kan sí èkejì kí n tó padà sọ́dọ̀ ìyàwó àti àwọn ọmọ mi.

Táyà méjì ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì yìí ń yí. Táyà iwájú ń darí ọkọ̀, kì í tì í. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, èyí tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ṣófo, iwájú rẹ̀ ló wúwo, ẹ̀yìn tó yẹ kó tì í ló sì fúyẹ́. Ìyẹn kì í hàn sí ẹnikẹ́ni ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ilẹ̀ pupa tó wà ní àwọn ọ̀nà oko wa máa ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ẹni tó bá sì ń wa irú ọkọ̀ tí mo ń wà yìí yóò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ọkọ̀ lágbára, ọ̀tọ̀ ni kó lè rìn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbà pé agbára ni ọkọ̀ nílò kó tó lè jáde nínú ẹrẹ̀. Mo náwó sórí ẹ́ńjìnnì, mo pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, mo tún nọ́súlù ṣe, n kò sì wo táyà rárá. Àṣìṣe gbáà ni. Bí táyà bá ṣe di ilẹ̀ mú tó ni ọkọ̀ ṣe lè rìn tó. Bí ìdìmú yẹn kò bá sí, gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì, kòtò ni yóò fi gbẹ́.

Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ìyá kan tó ń ṣe gàrí ní abúlé kan lẹ́yìn Ìràgbìjí ránṣẹ́ sí mi pé ẹ̀rọ òun ti dákẹ́, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó sì kún ilẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ gàrí mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a ti bó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀, ó sì dá bí mo ṣe ń gba Ìkìrun kọjá, inú mi dùn, mo rò pé wàhálà ti tán. Nígbà tí mo dé ìdí òkè kan tó wà ṣáájú abúlé náà, mo rí i pé omi ti ṣàn gba àárín ọ̀nà, ilẹ̀ sì ń dán bí ohun tí a fi epo pa. N kò sọ̀ kalẹ̀ wò ó. Mo kàn kó eré bò ó ni.

Ní ìdajì òkè náà ni ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó yà sí ọ̀tún, ó yà sí òsì, ó sì dúró. Mo fún un níná. Táyà ẹ̀yìn apá òsì ń yí bí ìrànwú, ti apá ọ̀tún kò mira rárá. Mo tún fún un níná sí i, títí òórùn rọ́bà tó ń jó fi gba gbogbo inú ọkọ̀. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, táyà náà ti gbẹ́ ilẹ̀ wọlé títí, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ sì ti jókòó sórí ilẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi gbẹ́ kòtò náà.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún jáde wá láti abúlé, wọ́n ń bá mi tì í, èmi náà ń tẹ iná, ẹrẹ̀ sì ń ta sí wọn láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn mú pákó kan wá, ó kì í bọ abẹ́ táyà. Bí mo ṣe tẹ iná, táyà gbá pákó náà mú, ó sì jù ú sẹ́yìn bí ọfà. Ẹ̀gbẹ́ orúnkún ọmọkùnrin kan ló gbà kọjá. Ìwọ̀n ìka mélòó kan ló kù kí ó bà á, bí ó bá sì bà á ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá dá. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo jókòó sílẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni dúró tààrà lẹ́yìn tàbí níwájú táyà tó ń yí, ì báà jẹ́ lórí pákó, ì báà jẹ́ lórí òkúta. Ìgun ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ni àwọn tó ń tì í ń dúró sí, èmi kì í sì í tẹ iná títí n ó fi rí ojú gbogbo wọn.

Bàbá àgbàlagbà kan wà tó ti ń wò wá láti ìdí igi ọsàn. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bàbá ti wa ọkọ̀ akẹ́rù kòkó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Ó sún mọ́ mi, ó ní, "Ọmọ mi, má bá ilẹ̀ jà. Gbẹ́ iwájú táyà yẹn kó lè gùn jáde. O fẹ́ kó fò jáde ni, ọkọ̀ kì í fò." Ó ní kí wọ́n gé ìmọ̀ ọ̀pẹ wá. Wọ́n fi ọkọ́ kó ẹrẹ̀ kúrò níwájú táyà méjèèjì títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi dà gẹ̀rẹ́, wọ́n sì to ìmọ̀ ọ̀pẹ náà dábùú ọ̀nà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì bí ẹsẹ̀ àkàsọ̀, kí táyà lè rí ibi tí yóò máa gùn lé. Bàbá ní kí n fi jíà kejì gbéra dípò jíà kìn-ín-ní, kí n sì rọra tẹ iná bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́. Jíà kìn-ín-ní ní agbára jù, ó máa ń tètè já táyà kúrò lára ilẹ̀. Mo ṣe bí ó ti wí. Ọkọ̀ náà mì, ó gun ìmọ̀ àkọ́kọ́, ó gun èkejì, ó sì jáde láìsí ariwo.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ ti yọ̀, ipa táyà ti fẹ̀, ó ti dàrú, ó ń dán. Níbi tí ó ti gun jáde, bátànì ojú táyà hàn lára amọ̀. Ó ní, "Ibi tí o bá ti rí bátànì, ibẹ̀ ni táyà ti ń ṣiṣẹ́. Ibi tí o kò bá ti rí i, epo lò ń jó lásán." Títí di òní, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò lẹ́yìn ibi tó le nìyẹn.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Montréal ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Nígbà tí ó pè mí lọ́sẹ̀ náà tí mo sọ ohun tí ojú mi rí fún un, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí òjò dídì ń fi ojú tiwa náà rí níbí nìyẹn." Òun náà ní ọkọ̀ tó ń sùn sí, Ford Transit kan tó jẹ́ táyà ẹ̀yìn méjì ló ń tì í, tí ó fi ń lọ pẹja àti wo ìlú nígbà tí ó bá gba ìsinmi. Ó ní ní ọdún àkọ́kọ́ tí òun rà á, iwájú ilé òun gan-an, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ló ti há, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé táyà iwájú ló ń fà á, tìyẹn sì gbéra lọ lójú rẹ̀, nítorí pé orí táyà tó ń ṣiṣẹ́ ni ìwúwo ẹ́ńjìnnì wà. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi ọgbọ́n wé ọgbọ́n, èmi láti inú ẹrẹ̀, òun láti inú òtútù.

Ibi tí mo kó ẹrù sí ni mo kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí kò ná mi ní kọ́bọ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ìjókòó mi gan-an ni àpótí irinṣẹ́ àti fáìsì wà kí ọwọ́ mi lè tètè tó wọn láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, aṣọ àti ìbùsùn nìkan ló wà lẹ́yìn. Mo yí i padà. Mo gbé fáìsì, owú àti àwọn irin àpààrọ̀ tó wúwo sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, mo sì fi bóòtù dè wọ́n mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Mo kọ́kọ́ gbé wọn sí ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pátápátá, mo rò pé bí ó bá ṣe jìnnà sẹ́yìn tó ni yóò ṣe dára tó, àfi bí mo ṣe jáde sí ọ̀nà Gbọ̀ngán tí mo rí i pé ìdarí ọkọ̀ ti fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹrù tó bá ti kọjá táyà sẹ́yìn púpọ̀ máa ń gbé iwájú ọkọ̀ sókè bí àsokọ́ òṣùwọ̀n, táyà iwájú kò sì ní lè yí ọkọ̀ bó ṣe yẹ. Orí táyà gan-an ni ibi tó tọ́.

Ní ìgbà òjò, mo tún máa ń fi àpò yanrìn méjì kún un, èyí tí àbúrò mi náà ń ṣe ní ìgbà òtútù. Yanrìn dára ju irin lọ ní ọ̀nà kan: bí ọ̀nà bá le, mo lè tú àpò kan, kí n wọ́n ọn síwájú táyà. Àpò sìmẹ́ńtì ni mo ń rọ ọ́ sí, n kì í rọ ọ́ kún, kí ẹnì kan ṣoṣo lè gbé e. Mo máa ń so wọ́n mọ́lẹ̀ gírígírí, nítorí pé àpò yanrìn tí a kò so, bí a bá tẹ bírékì lójijì, ẹ̀yìn orí awakọ̀ ló ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwúwo kò lè ṣe iṣẹ́ táyà, ibí yìí ni mo sì ti jìyà jù.

Ní ọdún 2022, táyà mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pá. Owó táyà tuntun kò sí lọ́wọ́ mi, mo sì ra tòkunbọ̀ mẹ́rin níhìn-ín ní Òṣogbo. Ojú wọn jìn, rọ́bà wọn rọ̀ lọ́wọ́, ẹni tó tà wọ́n fún mi sì búra pé wọ́n yóò lò ju tuntun lọ. Lára wọn, mo rí àwòrán òkè kan tó ní ṣóńṣó mẹ́ta, nǹkan kan bí òdòdó sì wà nínú òkè náà. Mo ya á, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp. Kò pẹ́ tí ó fi pè. "Ẹ̀gbọ́n, táyà ìgbà òtútù ni wọ́n tà fún yín yẹn!"

Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Rọ́bà táyà lásán máa ń le bí ìgbá nígbà tí òtútù bá mú débi pé ó wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ nǹkan bí 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì ní lè di ilẹ̀ mú mọ́. Ti ìgbà òtútù ni wọ́n pò kó lè máa rọ̀ nínú òtútù, wọ́n sì la ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹni fi abẹ gé e, kí etí kọ̀ọ̀kan lè máa họ òjò dídì. Ohun tí mo pè ní òdòdó, ègé òjò dídì ni. Láti 1999 ni àmì náà ti wà, ohun tó sì ń sọ ni pé wọ́n ti dán táyà náà wò lórí òjò dídì, ó sì yege. Lẹ́tà M+S (ìyẹn ẹrẹ̀ àti òjò dídì) tó máa ń wà lára àwọn mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe é lásán ni. Ní Québec, ìpínlẹ̀ tí Montréal tí àbúrò mi ń gbé wà, òfin ni pé kí táyà ìgbà òtútù wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ láti 1 oṣù kejìlá títí di 15 oṣù kẹta. Ní Jámánì, láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, àmì òkè yìí nìkan ni òfin wọn gbà fún ojú ọ̀nà tó bá ní òjò dídì tàbí omi dídì.

Ohun tí ó dára gan-an ní ilẹ̀ ibòmíràn ló di ìnira fún mi. Kí n sọ òótọ́, táyà náà bá mi di ẹrẹ̀ mú dáadáa ní oṣù àkọ́kọ́, mo tilẹ̀ ń yìn ín. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà, lọ́sàn-án, nígbà tí mo ń lọ ra irin ní Ìbàdàn, ara ọkọ̀ ń mì, bí mo bá sì tẹ bírékì, ó ń pẹ́ kó tó dúró. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún òtútù ń yọ́ lọ lórí ilẹ̀ gbígbóná wa bí ọṣẹ tí a gbàgbé sínú omi. Ìgbà tí ọdún fi máa yí po, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pá.

Ohun mìíràn tún wà tí n kò wò. Nọ́ńbà mẹ́rin máa ń wà ní ìparí àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára táyà. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. 3513 ló wà lára méjì nínú tèmi, ìyẹn ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2013. Táyà ọlọ́dún mẹ́sàn-án ni mo fi owó mi rà tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí mo wá fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní kòtò bátànì, mo rí i pé ó ti ń là wínníwínní bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn nínú ọyẹ́. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ lójú mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra táyà, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin yẹn kí ẹ tó dúnàá-dúrà.

Owó èsúsú tí mo kó ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo fi ra tuntun, méjì ẹ̀yìn lákọ̀ọ́kọ́. Mo yan èyí tí bátànì rẹ̀ tóbi, tí àlàfo àárín wọn sì fẹ̀, kí ẹrẹ̀ lè máa já bọ́ bí táyà ṣe ń yí. Táyà tí ojú rẹ̀ wẹ́, ẹrẹ̀ máa ń dì sínú rẹ̀ ni, á sì dán bí ẹni pé kò ní bátànì rí. Mo rí i dájú pé lẹ́tà C wà lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀, tó fi hàn pé táyà ọkọ̀ ẹrù ni, nítorí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ tà mí ní ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lówó pọ́ọ́kú. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní kí jíjìn ojú táyà má dín ní 1.6 mílímítà. Àbúrò mi ní tòun bá ti wálẹ̀ sí 4, òun kì í fi í wọ inú òjò dídì mọ́, ohun tí èmi náà sì ń ṣe fún ẹrẹ̀ nìyẹn. Rúlà kékeré kan wà nínú àpótí mi fún un.

Afẹ́fẹ́ táyà tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá rọ̀ tó sì jìn, bí yanrìn etí odò tàbí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń rì sí, mo máa ń yọ afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn láti nǹkan bí 50 lórí géèjì wá sí 30, táyà á wá tẹ́, á gba ilẹ̀ púpọ̀ sí i, kò sì ní tètè rì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òkè ilẹ̀ nìkan ló ń yọ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, n kì í fọwọ́ kàn án. Níbẹ̀, a fẹ́ kí táyà gé ẹrẹ̀ tín-ínrín yẹn kọjá kó lè kan ilẹ̀ líle, táyà tó le tó sì ṣe tóóró ló ń ṣe ìyẹn dáadáa. Ọgbọ́n kan náà ni àbúrò mi sọ fún mi nípa òjò dídì tí kò nípọn lórí ọ̀dà. Mo ti yọ afẹ́fẹ́ rí nítòsí Ìlobùú, ó sì kó mi yọ. Àfi bí mo ṣe gbàgbé láti fún un padà, tí mo sì sáré gba Òkínní wọ Òṣogbo. Nígbà tí mo dúró nílé, táyà gbóná débi pé n kò lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan sì ti wú bí eéwo. Fọkanáísà tó wò ó ní kí n dúpẹ́ pé kò bẹ́ lójú ọ̀nà. Mo wá ra pọ́ǹpù kékeré kan tó ń lo bátìrì ọkọ̀, n kì í sì í fi ẹsẹ̀ kan ọ̀dà láìjẹ́ pé mo ti lò ó.

Ẹ ó rántí pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, táyà òsì ń yí, ti ọ̀tún dúró. Ó yà mí lẹ́nu títí ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe fi tú àpótí jíà ẹ̀yìn sílẹ̀ lójú mi. Àwọn jíà kéékèèké inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí táyà kan lè yára ju èkejì lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà kọ́nà. Ṣùgbọ́n iye agbára tí táyà tó yọ̀ bá lè gbà, ìyẹn náà ni èkejì yóò rí gbà, bí ọ̀kan kò bá sì rí nǹkan dì mú, èkejì tó wà lórí ilẹ̀ líle kò ní rí agbára kankan lò. Ọ̀gá fi ọwọ́ di táyà kan mú, ó ní kí n yí irin àárín: èkejì ló ń yí. Ó di èkejì mú: èyí àkọ́kọ́ ló ń yí.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọgbọ́n bírékì ọwọ́. Nínú HiAce mi, táyà ẹ̀yìn ni bírékì ọwọ́ ń dì mú, àwọn náà ni ẹ́ńjìnnì sì ń yí. Bí ọ̀kan bá ń yọ̀, mo máa ń fa bírékì náà díẹ̀díẹ̀, ẹyín mélòó kan péré, kí n sì rọra tẹ iná. Táyà tó ń yọ̀ á wúwo sí i, èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle á rí agbára tirẹ̀ gbà. Kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, nítorí bírékì á gbóná. Ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà kò lè jẹ àǹfààní yìí bí bírékì ọwọ́ rẹ̀ bá wà lẹ́yìn. Nínú ìgbà mẹ́rin tí mo ti lò ó, ẹ̀ẹ̀mẹta ló yọ mí.

Mo ti dán okùn wò pẹ̀lú, mo wé e mọ́ táyà gba inú ihò ríìmù, bí àwọn tó wà ní ilẹ̀ òtútù ṣe ń de ẹ̀wọ̀n mọ́ táyà tó ń ṣiṣẹ́. Ó di ilẹ̀ mú fún bí ogún ẹsẹ̀ bàtà, lẹ́yìn náà ó já, ó sì fẹ́ wé mọ́ ọ̀pá omi bírékì. N kò tún ṣe é mọ́.

Ohun tó wá kù ni sùúrù, mo sì pẹ́ kí n tó rí i pé bẹ́ẹ̀dì tí mo kàn sínú ọkọ̀ wà lára ohun tó ń yọ mí nínú ẹrẹ̀. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọjá lónìí nítorí pé kò ní ibi tí yóò sùn sí. Èmi ní. Ilẹ̀ pupa wa, bí òjò bá dá tí oòrùn sì ràn, wákàtí mélòó kan ni ojú rẹ̀ fi ń gbẹ. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun bá ń kún ìlú, òjò sábà máa ń sinmi díẹ̀, ìgbà náà ni mo sì máa ń fi àwọn abúlé tí ọ̀nà wọn burú jù sí. N kì í gba àdéhùn wákàtí mọ́ ní ìgbà òjò, ọjọ́ ni mo ń dá fún àwọn oníbàárà mi, wọ́n sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù keje tó kọjá, mo dé ìtòsí odò Erinlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òjò ń rọ̀ bí ẹni da á. Òkè tó wà níwájú mi kò yàtọ̀ sí ti Ìràgbìjí. Mo wá ibi gíga kan tí òkúta wẹ́wẹ́ wà, mo gbé ọkọ̀ sí i, mo se ìrẹsì díẹ̀, mo sì sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gé igi kan, mo rìn gba ojú ọ̀nà náà lọ dé òkè, mo ń fi igi gún ilẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Ní apá ọ̀tún, igi wọlé tó ìwọ̀n ọwọ́ kan. Ní apá òsì, lẹ́bàá koríko, kò ju ìka kan lọ kó tó kan ilẹ̀ líle. Mo fi ewé sàmì sí i. Mo padà sínú ọkọ̀, mo pọn tíì, mo pe ìyá oníbàárà mi pé ó di ọ̀sán kí n tó dé, ó ní kò burú, àwọn kò tíì bó ẹ̀gẹ́.

Nígbà tí ó fi máa di agogo méjìlá, àwọ̀ ilẹ̀ ti kúrò ní pupa dúdú, ó ti ń funfun létí. Mo fi jíà kejì gbéra, mo gbé táyà òsì gba ẹ̀bá koríko, n kò yára, n kò sì dúró. Ìdí ọkọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan ní àárín òkè, mo yọ ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí iná, ó sì tún gbá ilẹ̀ mú. Lókè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo ẹ̀yìn. Ipa táyà méjèèjì gùn láti ìsàlẹ̀ wá, bátànì wọn sì hàn kedere lára amọ̀ bí ojú òǹtẹ̀.